Bí

Ní Varnishke, láàárín igbó páìnì,
ìgbànú Apolonia ni kọ́kọ́rọ́ ilé Ọlọ́run ń so sí,
òun àti kọ́kọ́rọ́ ṣúgà lórí òrùka kan náà.
Bó bá ń rìn bọ̀ lọ́nà ilé ìdáná,
ẹni tó gbọ́ ìró irin náà kò lè mọ̀
bóyá oúnjẹ ló ń bọ̀ tàbí àdúrà.

Nígbà náà, ti ilẹ̀ ni wá, ilẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀gá Dovgird,
ilé ìjọsìn ẹ̀yìn ọgbà ápù sì jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀.
Tìmùtìmù pupa wà lórí ìjókòó Màdáámù, ẹyin iná nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.
Àwa dúró lórí òkúta lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
yìnyín ń yọ́ lára bàtà wa, ó ń ṣàn lọ síwájú,
ohun kan ṣoṣo tiwa tó dé ibi pẹpẹ.
Látìn lẹ́nu fàdá, Pólíṣì lẹ́nu àwọn ọlọ́lá,
èdè tiwa wà lábẹ́ ahọ́n
bí horo ṣúgà tí a jí.

Fàdá Honorat a máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù,
bí odò bá dì dáadáa,
bí ìkookò bá jẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ kọjá.
Lọ́dún tí wọ́n bí mi, Kérésìmesì kọjá, a ò rí i,
ààwẹ̀ Lẹ́ńtì wọlé, a ò rí i.
Òkú Baba Motiejus sùn ní àká ọkà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,
ó le gbagidi, ó ń dúró de fàdá.
Ìyá mi ní bí òun bá lọ bu ọkà láàárọ̀, òun a kí i.

Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni Domicela bí mi sí,
mo dúdú bí aró, n kò ké.
Bàbá mi la yìnyín já, ó kan ilẹ̀kùn ilé ńlá:
“Ẹ ṣí ilé ìjọsìn. Omi mímọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ń lọ.”
Apolonia ní Màdáámù wà ní Vílníúsì,
òun kò gbàṣẹ.
Ó ti ilẹ̀kùn.
Bàbá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò bú u. Irunmú rẹ̀ dì.

Ìgbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí.
Kò mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn o. Ti ṣúgà ló lò:
abọ́ fàdákà Màdáámù ló gbé,
ó da ṣúgà inú rẹ̀ sínú épúrọ́ọ̀nù,
ó bu yìnyín ẹnu ọ̀nà kún un, ó ń sáré tẹ̀lé bàbá mi.
Yìnyín yọ́ lórí iná wa.
Ó dà á sí mi lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Wọ́n ní ó kán sí mi létè, mo lá a,
mo wá ké. Adùn ṣì wà lára abọ́ náà.

Ìparí oṣù kẹta, fàdá dé.
“Ọ̀rọ̀ wo lo sọ?”
Apolonia rántí Baba. Ó rántí Ọmọ.
Ẹ̀mí Mímọ́ ńkọ́? Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun kò lè búra.
Fàdá gbé mi, ó tún un ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣáájú:
*Bí* a kò bá tíì rì ọ́ bọmi…

Irun mi ti funfun, òrùlé ilé ńlá ti wó.
Ìyá mi bí mi lẹ́ẹ̀kan,
fàdá fi “bí” tún mi bí,
láàárín méjèèjì, obìnrin kan tó bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀
bí mi nínú abọ́ ṣúgà.
Bí wọ́n bá bi mí lẹ́nu ibodè pé èwo ló mú,
ma ní kí wọ́n lọ bi Apolonia.

Nígbà tí Màdáámù dé, ó wọn ṣúgà. Ó dín.
Wọ́n gba òrùka náà, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.
Títí ó fi kú, bó bá ń rìn bọ̀ lọ́nà ilé ìdáná,
kò sí ìró kankan,
àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ a ṣì máa lọ síbi ìgbànú.